Bàálù Tí A Kàn Lẹ́yìnkùlé Yèyé

Bí òórùn kókó tí wọ́n sá sóòrùn bá gbá mi nímú báyìí, ọkàn mi kì í lọ sí oko. Bàálù ni mo máa ń rántí. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá gbọ́ èyí á fẹ́ rò pé orí mi ò pé, torí kí ló pa kókó àti bàálù pọ̀? Àmọ́ nílé wa ní Oǹdó, orí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì kan náà tí ìyá àgbà wa ti ń sá kókó láti ìgbà tí ìyá mi ti wà lọ́mọdé, orí rẹ̀ náà ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti kan bàálù. Apá kan jẹ́ ti kókó, apá kan jẹ́ ti bàálù, ìjà ààlà kò sì tán láàárín wọn.

Yèyé ni gbogbo wa ń pe ìyá àgbà náà. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó jẹ́ àkọ́bí rẹ̀, Bọ̀ọ̀dá Tísà là ń pè é, torí iṣẹ́ ọwọ́ ló fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ iléèwé. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ra mọ́tò, àwọn mìíràn ń sin adìẹ. Òun ní tirẹ̀ ní kí ọmọ òun tó wà lókè òkun bá òun ra irú bàálù kékeré kan tí wọ́n máa ń tà ní ìtúká, tí èèyàn á tò pọ̀ fúnra rẹ̀ nílé. Inú àpótí igi gbọọrọ ló wà dé: pẹlẹbẹ àlúmọ́ọ̀nì tí wọ́n ti lu ihò sí lára, páìpù, wáyà, àti ìwé àwòrán kan tó nípọn bíi Bíbélì orí pẹpẹ. Ìjókòó méjì péré ló ní, ti awakọ̀ àti ti ẹnì kejì rẹ̀.

Èmi ń tẹ́ táìsì sílẹ̀ ilé onílé ní Àkúrẹ́ nígbà náà. Iléèwé girama ò bá mi lára mu, kíláàsì kẹta ni mo ti bọ́ sílẹ̀, mo lọ kọ́ṣẹ́. Inú yàrá tí mo háyà nítòsí Ọjà Ọba ni mo wà tí Bọ̀ọ̀dá Tísà fi pè mí lórí fóònù pé, "Ọwọ́ rẹ kì í gbọ̀n, o sì mọ ìlà tó gún. Wá bá mi kan bàálù." Mo rẹ́rìn-ín títí, mo rò pé àgbà ti ń ṣeré. Nígbà tí mo dé Oǹdó tí mo rí àwọn àpótí náà, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Láti ọjọ́ náà, bí iṣẹ́ bá ti dín díẹ̀ ní Àkúrẹ́ báyìí, mo ti wọ mọ́tò Oǹdó nìyẹn.

Iṣẹ́ náà kò le tó bí mo ṣe rò, sùúrù ló ń jẹ. Ìṣó kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní ríbẹ́ẹ̀tì. Wọn kì í fi òòlù kàn án. Ńṣe la ń kì í bọ ihò, tí a ó fi irinṣẹ́ kan fa ìrù rẹ̀ títí tí á fi mú pẹlẹbẹ méjì pọ̀, tí ìrù rẹ̀ á wá já dànù, pá! Inú kókó Yèyé sì ni gbogbo ìrù yẹn ń já sí. Yèyé á jókòó sórí àpótí ìjókòó rẹ̀, á máa fi ẹsẹ̀ tú kókó, á máa fi ọwọ́ ṣa irin kúrò nínú rẹ̀, á máa kó o sínú agolo mílíìkì.

"Ẹ rọra o!" Bó ṣe máa ń pariwo nìyẹn. "Ẹni tó bá ra kókó mi tó bá bá irin nínú rẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa lọ bá a rojọ́."

Ẹnu rẹ̀ dùn, ó sì mú. Nígbà tí bàálù ti ní ara tí kò tíì ní apá, ó yí i ká, ó fi ìka kàn án, ó ní, "Ẹyẹ yín yìí, ìgbà wo ló máa hu ìyẹ́?"

Bọ̀ọ̀dá Tísà dáhùn pé, "Yèyé, apá rẹ̀ ń bọ̀."

"Apá ń bọ̀ kẹ̀! Ọjọ́ tí mo bí ìwọ, ìwọ àti apá rẹ lẹ jọ dé."

Ẹ̀rín pa wá, irinṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Bọ̀ọ̀dá Tísà, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń sá fún, dojú bolẹ̀ bí ọmọ kékeré. Mo rò pé ìdí tó fi ń kan bàálù náà lẹ́yìnkùlé ìyá rẹ̀ dípò ilé tirẹ̀ gan-an nìyẹn.

Nígbà tó yá, bàálù dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, ìjókòó wọlé, ojú mi sì kúrò nílẹ̀. Láàárọ̀ kùtù, kí n tó mú irinṣẹ́, màá kọ́kọ́ wọnú rẹ̀ jókòó. Mo ra awò dúdú kan, mo ní kí ọmọ àdúgbò kan yà mí, mo gbé fọ́tò náà sórí fóònù, mo sì kọ "Káputéènì" sábẹ́ rẹ̀. Káputéènì tí kò tíì gòkè kọjá ilé alájà méjì tó ń tẹ́ táìsì sí! Orúkọ náà mọ́ mi lórí títí Yèyé fi gbọ́ ọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bọ̀ọ̀dá Tísà ti lọ ra ọ̀dà ní Àkúrẹ́, èmi ń fi aṣọ nu ara bàálù kó lè dán. Yèyé dìde lórí àpótí, ó wá dúró tì mí.

"Ọmọ mi, gbé mi jókòó síbẹ̀ kí n wo bó ṣe rí."

Mo wo ìró rẹ̀. Mo ní, "Yèyé, ẹ jẹ́ ká kùn ún ná. Eruku kókó ti kún ìró yín."

Ó wo ìró náà, ó gbọ̀n ọ́n díẹ̀. Ó ní, "Eruku yìí náà ló rán tísà níléèwé o."

"Mo mọ̀, Yèyé. Tí ọ̀dà bá ti gbẹ báyìí, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ jókòó."

"Ó dáa, Káputéènì."

Kò bínú. Ó padà sídìí kókó rẹ̀. Èmi náà kò rò ó sí nǹkan kan, mo ń bá iṣẹ́ lọ, mo tún ń súfèé.

Ọ̀dà kò tíì dé ara bàálù náà tí Yèyé fi sùn tí kò jí. Ó ti dàgbà, ó ti rí ọmọ-ọmọ-ọmọ, kò dùbúlẹ̀ àìsàn. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì kọrin ọpẹ́, gbogbo ẹbí sì ń kí ara wọn kú oríire pé ìyá lọ sinmi. Èmi nìkan ni mò ń rántí ìjókòó tí mi ò gbé e sí. Gbogbo òtòkùlú pé jọ, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Kí ni èmi oní-táìsì fẹ́ rí ṣe sí i?

Iwájú ilé ni wọ́n sin ín sí, bó ṣe fẹ́, kó lè máa gbọ́ ohùn àwọn tó ń kọjá. Ẹbí ní kí n tẹ́ táìsì sórí ibojì náà. Pẹlẹbẹ lásán ni wọ́n ní kí n ṣe. Ṣùgbọ́n ohun tí mi ò ṣe fún Yèyé nígbà tó wà láyé, mo fẹ́ fi sìmẹ́ńtì ṣe é. Mo gbé e ga dé itan, mo ṣe àtẹ̀gùn yí i ká, mo tẹ́ táìsì funfun tó ń dán bí omi sí i lórí. Bọ̀ọ̀dá Tísà wò ó, ó bi mí pé, "Ṣé bàálù á rọ́nà kọjá?" Mo yọ tépù, mo wọn ọ̀nà, mo wọn ẹsẹ̀ bàálù. Mo ní, "Á kọjá dáadáa, sà."

Fífẹ̀ ni mo wọ̀n. Mi ò wọn yíyí.

Ọjọ́ tí a fẹ́ gbé bàálù jáde dé. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó máa yẹ̀ ẹ́ wò ti dá ọjọ́ fún wa ní pápá kan lápá Àkúrẹ́, bí a bá sì pàdánù ọjọ́ náà, a ò mọ ìgbà tí wọ́n tún máa dá òmíràn. A ti tú apá àti ẹ́ńjìnnì, a ti dì wọ́n sínú lọ́rì. Ó ku ara bàálù, èyí tí ríbẹ́ẹ̀tì ti mú pọ̀ tí kò ṣeé tú mọ́. A rọra ń tì í gba ẹ̀gbẹ́ ilé bọ̀, àwọn ọmọ àdúgbò ń pàtẹ́wọ́. Ó dé iwájú ilé, ó yẹ kó yí sápá géètì. Imú rẹ̀ kan ògiri ilé aládùúgbò, ìrù rẹ̀ kò sì tíì kúrò ní kọ̀rọ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ì bá gbà yí, ibẹ̀ gan-an ni mo kọ́ àtẹ̀gùn tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ mí sí.

A fà á sẹ́yìn, a tún tì í. Kò yí. Awakọ̀ lọ́rì ń fọn fèrè.

Mo wọlé, mo mú òòlù àti ṣísù jáde. Mo ní, "Èmi ni mo kọ́ ọ, èmi ni n ó wó o."

Bọ̀ọ̀dá Tísà gba òòlù lọ́wọ́ mi. Ohùn rẹ̀ kò le. "O ò ní fi òòlù kan ilé ìyá mi. Kí bàálù kúkú jẹrà síbí."

Àbúrò Yèyé ọkùnrin, tó jẹ́ olórí ẹbí, fi ọ̀pá kanlẹ̀, ó ní òun ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ohun tó ń fò kì í ṣe ohun à ń kàn nílé. Bọ̀ọ̀dá Tísà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ẹsẹ̀ bàálù. Mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí, kódà lọ́jọ́ ìsìnkú.

Ìyá mi ló bọ́ síwájú. Ó ní, "Ta ni nínú gbogbo wa tí obìnrin yìí kò pọ̀n rí? Ó pọ̀n ìwọ Bọ̀ọ̀dá, ó pọ̀n èmi, ó pọ̀n Káputéènì yìí tó fi ìtọ̀ ba ìró rẹ̀ jẹ́. Ṣé bàálù tí kò ní ẹ́ńjìnnì ló máa wá wúwo fún un? Ẹ gbé e gba orí rẹ̀ kọjá."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ olórí ẹbí. Baba wúkọ́, ó wo ibojì, ó wo bàálù.

"Ó dáa. Àmọ́ ẹ bọ́ bàtà."

A bọ́ bàtà. Àwọn ọlọ́kadà tó wà ní ìkóríta wá bá wa, àwọn náà bọ́ tiwọn. A wọ abẹ́ rẹ̀, a gbé e, a gun àtẹ̀gùn mi lẹ́sẹẹsẹ. Nígbà tó dé àárín, ọwọ́ ro ẹnì kan, bàálù tẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ iwájú méjèèjì sì balẹ̀ sórí táìsì funfun. Kàà! Táìsì kan sán. Gbogbo wa dúró gbagidi.

Bọ̀ọ̀dá Tísà ní, "Ẹ fi sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sinmi díẹ̀."

A dúró bẹ́ẹ̀. Ìyá mi gbé ọwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ ibojì, ó ní, "Yèyé, ẹ kú ọmọ pípọ̀n." Lójijì ẹ̀rín sọ, ẹkún náà sọ, mi ò mọ èyí tó ṣáájú. A tún gbé e, ó sọ̀kalẹ̀, ó jáde ní géètì.

Bàálù náà ti fò. Lẹ́yìn gbogbo àyẹ̀wò, awakọ̀ bàálù kan tó ti fẹ̀yìn tì, ọ̀rẹ́ Bọ̀ọ̀dá Tísà, gbé e sókè, Bọ̀ọ̀dá sì jókòó tì í. Nígbà tó kàn mí, láti Oǹdó ni mo ti ń bọ̀, níbi tí mo ti bá ìyá mi tú kókó láàárọ̀ ọjọ́ náà. Awakọ̀ wo ṣòkòtò mi, ó ní ṣé mi ò ní gbọn eruku dànù ni. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Bí a ṣe gòkè nìyẹn, èmi àti eruku kókó, mi ò sì wọ awò dúdú.

Iṣẹ́ mi kò yí padà. Táìsì ni mo ṣì ń tẹ́, bí èyíkéyìí bá sì sán nílé oníbàárà, kò ní tó ìdajì ọjọ́ tí màá fi yọ ọ́, tí màá fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹbí ti sọ fún mi lọ́pọ̀ ìgbà pé kí n tún ti ibojì Yèyé ṣe, pé kò bójú mu kí ilé oní-táìsì ní táìsì tó sán. Mo máa ń dá wọn lóhùn pé màá ṣe é. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti dé iwájú ilé báyìí, mo máa ń bọ́ bàtà, màá jókòó lórí àtẹ̀gùn, màá fi ìka tọ ojú ibi tó sán náà. Bàálù tí mi ò jẹ́ kó gbé Yèyé, Yèyé ló gbé e. Mi ò ní yọ táìsì yẹn.