Ọjọ́ Tí Ògiri Dìde Nídìí Káàdì

Ẹni tó bá rò pé ìgbádùn ni ìrìnàjò atatẹ́tẹ́, kó wá wo yàrá tí Ògiri ń sùn. Yàrá náà kì í wà níwájú òtẹ́ẹ̀lì, torí owó tiwájú ga. Ẹ̀yìn ló máa ń wà, níbi tí fèrèsé ti dojú kọ ẹ̀rọ tó ń fẹ́ èéfín ilé ìdáná síta. Bẹ́ẹ̀dì tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, kẹ́tùlù kan, ife méjì tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, táwẹ̀lì tó ti gan bíi páálí. Ìlú ńlá ni o, etí òkun ni o, yàrá kan náà ni. Ìgbà kan wà tó jí, tó ń wá ilé ìwẹ̀ lọ sápá òsì, tó forí sọ kọ́bọ́ọ̀dù, torí pé ìlú tó ti kúrò lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ilé ìwẹ̀ ti wà lápá òsì. Ó fọwọ́ ra orí, ó padà lọ dùbúlẹ̀. Kò tiẹ̀ dùn ún.

Ìyá rẹ̀ kọ́ ló sọ ọ́ ní Ògiri o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Tíṣà ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, bàbá kan tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ìṣirò, tí wọ́n jọ máa ń rìnrìn-àjò, tí wọ́n jọ ń pín owó yàrá. Tíṣà ló kọ́ ọ pé póká kì í ṣe eré káàdì nìkan, eré ojú ni. Wọ́n á fún ọ ní káàdì méjì tí ìwọ nìkan rí, wọ́n á ṣí márùn-ún sáàárín tábìlì tí gbogbo yín jọ rí, kálukú á wá máa ti ike síwájú, ike tí wọ́n fi dípò owó. Ẹni tí ò ní nǹkan kan á ṣe bí ẹni tó ní, ẹni tó ní á ṣe bí aláìní. Bí ojú rẹ bá lọ sọ̀rọ̀ pẹ́nrẹ́n, ó parí. Tíṣà á ní, bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ọkùnrin yìí gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó sì gbọ́ ọ ní àgbọ́jù. Láàárín ọdún mélòó kan, gbogbo ibi tó lanu lára rẹ̀ ló ti dí.

Kó tó di pé ó ń ta káàdì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀dà ìwé ló ń tún ṣe láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì. Ìyàwó rẹ̀ ní láyé ìgbà yẹn, òun ti máa ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ lójúde kó tó kan ilẹ̀kùn. Orí fóònù ló ti kọ́kọ́ ń ta káàdì nígbà tí wọ́n bá lọ jẹun ọ̀sán. Ó jẹ, ó tún jẹ. Ẹnìkan ní kó wá ta á lójúkojú nílùú báyìí báyìí. Ó lọ, ó sì ti ń lọ láti ìgbà náà.

Ọdún tó gba ife, ife gidi tó ń kọ mànà, àwọn ayàwòrán ní kó rẹ́rìn-ín. Ó fa ẹnu sẹ́yìn fún wọn. Lẹ́yìn náà ó gbé ife náà wọ ilé ìwẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó, ó ń dúró kí inú rẹ̀ dùn. Ó dúró títí, inú ò dùn. Ohun tó wá sọ́kàn rẹ̀ ni pé ife náà ò ní wọ inú báàgì. Ọjọ́ tó pàdánù gbogbo ike rẹ̀ lórí káàdì kan ṣoṣo, bákan náà ni: ó gbé báàgì, ó lọ ra búrẹ́dì. Ẹlòmíì á pe èyí ní ìfaradà. Èmi ò pè é bẹ́ẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀, akọ̀wé nílé ẹ̀kọ́ kan, ti bá a jà jà jà. Ó ti sunkún, ó ti di ẹrù, ó ti tún tú ẹrù. Lọ́jọ́ kan níbi tí wọ́n ti ń jẹun, ó gbé ṣíbí sílẹ̀, ó ní, "Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà, Dádì. Mo wo ojú yín títí, mi ò rí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀." Ọkùnrin náà fẹ́ sọ fún un pé òun náà ti wá a, òun ò rí i. Kò sọ ọ́. Ó ní kó bá òun gbé omi. Láti ọjọ́ náà ni obìnrin yẹn ò ti jà mọ́.

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, ọmọbìnrin. Ìyá Àgbà ni gbogbo ilé ń pè é, torí pé láti kékeré ló ti ń sọ̀rọ̀ bí arúgbó. Bí bàbá rẹ̀ bá ń jáde, á ní ṣé ó ti mú ìbọ̀sẹ̀. Bí ìyá rẹ̀ bá ń kanra, á ní kí wọ́n fi sùúrù ṣe é. Wọ́n bí ihò kan mọ́ ọmọ yìí nínú ọkàn. Kì í dí i lọ́wọ́ eré, àfi pé ètè rẹ̀ máa ń ṣú bó bá sáré. Nígbà tó yá, àwọn dókítà ní àkókò tó láti ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n sì mú ọjọ́. Ìyá Àgbà ní òun ò bẹ̀rù abẹ́rẹ́, òun ò bẹ̀rù ọ̀bẹ. Ohun kan lòun fẹ́: bí òun bá lajú, kí òun rí Dádì. Mọ́mì ní tiwọn, òun mọ̀ pé wọ́n á wà níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní òun gbọ́. Ọmọ náà ní gbígbọ́ kọ́, kó ṣèlérí. Ó ṣèlérí. Ìyá Àgbà wo ojú rẹ̀ bí ẹni ń wo inú kànga, ó ní kó tún un ṣe.

Ìdíje ńlá kan wà tó máa parí ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà dáadáa. Ó wò ó pé àyè ṣì wà, ló bá bá Tíṣà wọ ọkọ̀ ojú irin.

Gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ta á tóbi bí ibi tí wọ́n ń gbé bàálù sí, kò sì ní fèrèsé kankan. Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ bí ẹni pé òkú ni wọ́n kó síbẹ̀. Ìró ike ò dákẹ́, ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́, torí gbogbo wọn ló ń fi ìka ṣeré pẹ̀lú ti iwájú wọn. Èrò tó bẹ̀rẹ̀ pọ̀ bí eṣú, ṣùgbọ́n ẹni tí ike rẹ̀ bá ti tán á dìde, á gbé báàgì rẹ̀, á máa lọ sílé. Tíṣà dìde lọ́jọ́ kejì, ó ní òun á dúró wo bí Ògiri ṣe máa parí tiẹ̀. Nígbà tó fi di ọjọ́ ìkẹyìn, àwọn tó ṣẹ́ kù ò ju ẹni tó lè yí tábìlì méjì ká. Ike iwájú Ògiri ti ga débi pé ó ní láti na ọrùn kó tó rí ọwọ́ apínkáàdì.

Nígbà tí wọ́n fún wọn nísinmi lọ́sàn-án, ó rí i pé ìyàwó òun ti pè léraléra. Ó pè é padà. Obìnrin náà ò pariwo. Ó ní dókítà àgbà tó máa ṣe iṣẹ́ abẹ fẹ́ rìnrìn-àjò, wọ́n ti mú ọjọ́ náà súnmọ́ tòsí, àárọ̀ ọ̀la ni, òun sì ti buwọ́ lù ú.

"Mi ò ní kẹ́ ẹ wá o," ó ní. "Mo kàn ní kẹ́ ẹ gbọ́ ni."

Ọkọ rẹ̀ béèrè bóyá Ìyá Àgbà ti mọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní ó ti mọ̀, ó sì ti ń sọ fún gbogbo nọ́ọ̀sì pé Dádì òun ń bọ̀, wọ́n ti ṣèlérí.

Ògiri sọ ọ́ fún Tíṣà lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń po tíì. Tíṣà mọ òfin, òun náà sì mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó lè kó ike jáde nínú ìdíje. Kò sẹ́ni tó lè fi ẹlòmíì jókòó sáyè rẹ̀. Bó bá lọ, wọ́n á máa pín káàdì fún àga òfìfo, wọ́n á sì máa yọ ike ọ̀ranyàn tí kálukú gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ bó bá kàn án, títí tirẹ̀ á fi tán. Ipò tó bá tán sí, owó ipò náà ni wọ́n á fún un. Tíṣà ní kó rò ó dáadáa. Ọmọ á ti sùn lọ fọnfọn kí wọ́n tó gbé e wọlé. Ẹni tó ń sùn ò mọ ẹni tó jókòó tì í. Òun fúnra rẹ̀ kì í ṣe dókítà, kí ló fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Kó jẹ owó náà tán, kó gbé e fọ́mọ. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, kò sí ibi tó ti wọ́. Ògiri mi orí, ó padà lọ jókòó.

Kò pẹ́, ọba méjì bọ́ sí i lọ́wọ́. Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ eyín títún ṣe, ọmọlúwàbí èèyàn tó ti ń fi súìtì lọ̀ wọ́n láti àárọ̀, ti gbogbo ike rẹ̀ síwájú. Ògiri náà ti iye ike kan náà síwájú. Wọ́n ṣí káàdì: ásì méjì, káàdì tó ga ju ọba, ló wà lọ́wọ́ obìnrin náà, ó sì fi jù ú lọ pátápátá. Káàdì mẹ́rin jáde láàárín, obìnrin náà ṣì wà lókè. Ìkarùn-ún jáde, ọba ni. Ọba mẹ́ta ju ásì méjì lọ. Ariwo sọ, àwọn òǹwòran ń pàtẹ́wọ́, apínkáàdì sì wọ́ gbogbo ike ọ̀hún wá síwájú Ògiri.

Obìnrin náà bú sẹ́kún níbẹ̀. Kò bojú, kò tijú ẹnikẹ́ni. Ó sunkún tó, ó fi ọwọ́ aṣọ rẹ̀ nu imú, ó bọ Ògiri lọ́wọ́, ó lọ. Ògiri fi ojú tẹ̀ lé e títí tó fi kọjá lẹ́nu ọ̀nà. Ó jowú ẹkún rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n dájú pé owú lòun ń jẹ, ó sì yà á lẹ́nu, torí ó ti pẹ́ tó ti jẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Ló bá dìde. Apínkáàdì rò pé ó fẹ́ lọ tọ̀. Jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn àga nígbà tó ti dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin, tí òtútù ń gé e jẹ.

Ẹnu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló ti ráyè jókòó nínú ọkọ̀ náà. Tíṣà ò bínú, àtẹ̀jíṣẹ́ ló ń fi ránṣẹ́. Ó ní nítorí jákẹ́ẹ̀tì, wọ́n ṣì ń retí rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní wọn ò retí rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń bẹ̀rù àga rẹ̀: àwọn tó kù ń lé ara wọn jáde, àga ń wò wọ́n níran, ipò rẹ̀ sì ń gòkè. Lákòótán, ó ní àga gba ipò kẹrin. "Àga rẹ mọ̀ ọ́n ta jù ọ́ lọ," ni Tíṣà kọ. Ẹlòmíì ì bá rẹ́rìn-ín. Ó kà á, ó ti fóònù bọ àpò.

Ìgbà tó dé ọsibítù, wọ́n ti gbé ọmọ wọlé. Ìyàwó rẹ̀ wà lórí bẹ́ǹṣì nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó di síkáàfù Ìyá Àgbà mú. Ó gbójú sókè.

"Ẹ ti dé," ó ní.

Ó ní òun ti dé. Obìnrin náà sún fún un, ó bu búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀ sí méjì, ó fún un lápá kan. Kò bi í léèrè nǹkan kan. Wọ́n jókòó. Ó ń retí kí àyà òun já, àyà ò já. Nígbà tí dókítà jáde tó ní ó ti parí, pé ihò ti dí, ìyàwó rẹ̀ forí lé eékún, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Òun dìde, ó bọ dókítà lọ́wọ́, ó dúpẹ́. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí ohun kan ṣe òun.

Wọ́n jẹ́ kí àwọn méjèèjì wọlé. Ọmọ náà kéré láàárín àwọn rọ́bà tí wọ́n so mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ ò ṣú. Ó pẹ́ kó tó lajú. Ó wo àjà, ó wo ìyá rẹ̀, ó wá wo bàbá rẹ̀, ó sì wò ó títí. Ohùn rẹ̀ ti há.

"Dádì, wọ́n ti nà yín?"

Kò yé e. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn.

"Níbi káàdì. Ìgbà tí wọ́n bá nà yín lẹ máa ń tètè délé." Ó mí díẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́. Ọjọ́ mìíràn, ọjọ́ ire."

Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ hàn sí i pé obìnrin yẹn náà ò bi òun léèrè nǹkan kan torí ó rò pé wọ́n ti na òun.

"Wọn ò nà mí," ó ní. "Mo ń jẹ lọ́wọ́ nígbà tí mo dìde. Ìwọ ni mo dìde fún."

Òótọ́ pọ́nńbélé ni. Ṣùgbọ́n bí ohùn rẹ̀ ṣe máa ń jáde nígbà tí kò bá sí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń díbọ́n nídìí tábìlì, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe jáde. Ó gbìyànjú láti mú ojú rẹ̀ ṣe nǹkan kan, ojú ò gbọ́. Ọmọ náà ń wò ó, ó ń wá ibi tó máa dì mú. Ìyàwó rẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó gbójú kúrò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún aṣọ ìbora ṣe níbi tí kò ti wọ́.

Fóònù wà lápò rẹ̀, gbogbo ohun tí Tíṣà kọ sì wà níbẹ̀. Kò mú un jáde. Ẹ gbà mí, bàbá wo ló yẹ kó máa wá ẹlẹ́rìí kí ọmọ rẹ̀ tó gbà á gbọ́?

Ìyá Àgbà na ọwọ́ tí wọn ò gún lábẹ́rẹ́, ó di ìka bàbá rẹ̀ kan mú, ó rọra ń gbọ̀n ọ́n bí àgbà ṣe ń rẹ ọmọdé lẹ́kún.

"Ẹ má parọ́ fún mi, Dádì," ó ní. "Mi ò bínú."

Oorun tún gbé e lọ. Ó dun ọkùnrin náà. Ó dùn ún wọra, ó dùn ún bí nǹkan kan ò ṣe dùn ún láti ọdún pípẹ́. Ó jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ìka rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ, kò sì sẹ́ni tó máa wò ó tó lè mọ̀.