Ohun tí Màdáámù Lílà ń sọ láàárọ̀

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí ilẹ̀ ṣì pọ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá débi pé a lè ṣeré láti ẹ̀yìnkùlé wa dé ti ẹlòmíràn láìkan ògiri, àwa ọmọbìnrin la máa ń kọ́kọ́ jí nínú ilé. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi ò ní gbàgbé: ẹ ó gbálẹ̀, ẹ ó pọn omi kún dúrọ́ọ̀mù, ẹ ó fọ ìkòkò àná, kí ẹ tó fi ẹ̀kọ àti àkàrà kan ẹnu. Ẹni tó bá fi ìgbálẹ̀ ṣeré, orí ìkúnlẹ̀ ló máa wà, ọwọ́ méjèèjì lókè, títí Bàámi yóò fi lọ síbi iṣẹ́. Mo mọ ìkúnlẹ̀ yẹn dáadáa.

Ibi tí mo ti ń gbálẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ohùn Màdáámù Lílà. Tíṣà ìṣirò ni, ọmọ Íńdíà, ọ̀kan nínú àwọn tí ìjọba ń gbà wá kọ́ni nígbà náà, ó sì gba yàrá méjì lọ́wọ́ Bàámi. Láàárọ̀ kùtù, yóò jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, yóò tan tùràrí, yóò di ojú, yóò sì máa fi àtàǹpàkò ti ìlẹ̀kẹ̀ kan lọ, kóró èso igi ṣákíṣákí tí wọ́n sín sórí okùn. Bó ṣe ń ti ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà jẹ́jẹ́: Om namah Shivaya. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ìgbálẹ̀ mi a máa bá a rìn láìmọ̀, ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yẹn ló sì máa ń mọ́ jù. Tó bá ṣe tán, yóò fún mi ní búrẹ́dì pẹlẹbẹ tó yan lórí páànù gbígbẹ, gbígbóná, òórùn bọ́tà lára rẹ̀.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, Màámi lóyún. Oyún ti bàjẹ́ mọ́ ọn lára rí, nítorí náà gbogbo ilé ló ń tọ́jú èyí bí ẹyin. Àmọ́ oṣù pé, ó kọjá, ọmọ ò wá. Ẹsẹ̀ Màámi wú, kò rí oorun sùn. Ìyá Bíọ́dún, aránṣọ tó ń gbé yàrá iwájú, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde. Ó ní ṣé a ò rí i pé okùn obìnrin yẹn ta kókó ni, kókó kan láàárín ìlẹ̀kẹ̀ kan àti èkejì, àti pé gbogbo ìgbà tó bá fọwọ́ kàn án ló ń pọfọ̀ sí i? Ó ní ẹ̀dì ni, ó ti fi de oyún mọ́ Màámi nínú. Ẹ mọ ilé ayálégbé: kó tó di ọ̀sán, ọ̀rọ̀ ti dé ìdí kànga. Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ jẹ oúnjẹ rẹ̀ mọ́. Bàámi, tí kì í fẹ́ ìjà, ní òun máa sọ fún un kó wá ilé mìíràn kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Obìnrin tí kò ní ẹnì kankan ní gbogbo Èkó. Ó dùn mí gan-an, mo sunkún lẹ́yìn ilé ìdáná. Síbẹ̀ mo tún ń wo ikùn Màámi, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Bàámi, ló ní kí wọ́n mú sùúrù. Mùsùlùmí ni, tẹ̀sùbáà kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ṣé ẹnikẹ́ni ti bi obìnrin náà ní ohun tó ń sọ? Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀, ó ní kí n tẹ̀lé òun, torí kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, Màdáámù náà ò sì gbọ́ Yorùbá ju kó kíni lọ. Ó jókòó tì í títí tó fi parí. Ó wá ní kí n bi í ní ìtumọ̀ rẹ̀.

Màdáámù ò bínú. Ó ní Om ni ìró tí àwọn gbà pé ó ti wà kí ohunkóhun tó wà. Namah ni pé mo tẹrí ba. Shiva sì ni orúkọ tí ìdílé òun fi ń pe Ọlọ́run. Ìyá òun ló kọ́ òun. Ó ní ọkàn èèyàn kì í jókòó sójú kan: ara lè wà lórí ẹní, kí ọkàn ti dé ọjà, tàbí kó ṣì máa bá ẹni àná jà. Ọ̀rọ̀ yẹn lòun fi ń pè é padà, jẹ́jẹ́, láìnà án. Bó bá tún lọ, òun á tún pè é. Kókó inú okùn, kí àwọn ìlẹ̀kẹ̀ má baà máa ha ara wọn ni. Mo ń túmọ̀ rẹ̀, mo ń làágùn.

Ìyá Àgbà ní kí n bi í: orúkọ ta ló ń pè mọ́ ọn nínú àwa ará ilé? Ó ní kò sí. Kí ló ń pa láṣẹ pé kó ṣẹlẹ̀? Ó ní kò sí, òun kàn ń tẹrí ba ni. Ìyá Àgbà wo tẹ̀sùbáà ọwọ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ Bàámi, ohùn Ìyá Àgbà ò le rárá, ó ní:

"Ẹni tó ń di ẹ̀dì á dárúkọ ẹni tó ń dì, á sì pàṣẹ. Èyí ò dárúkọ ẹnì kankan nínú wa, kò sì pàṣẹ. Ṣe ló ń forí balẹ̀. Tó o bá lé e, èmi náà á mú tẹ̀sùbáà mi, màá bá a lọ."

Bàámi ò sọ ti ilé mìíràn mọ́. Èyí tó yà mí lẹ́nu ni Màámi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó fọwọ́ ti ìbàdí, ó rọra wá jókòó sáàárín Màdáámù àti Ìyá Àgbà. Ọ̀kan ń wí Om namah Shivaya, èkejì ń wí Subuhanallahi, wọn ò dí ara wọn lọ́wọ́. Kí n tó gbálẹ̀ tán, Màámi ti sùn lọ fọnfọn lórí èjìká Màdáámù. Lẹ́yìn náà ló bí àbúrò mi obìnrin wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìyá Àgbà kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ yẹn ló gbẹ̀bí, torí ọ̀rọ̀ náà kọ́ ló de oyún tẹ́lẹ̀. Ta ló gbọ́? Ìyá Bíọ́dún kan náà ló ń bẹ Màdáámù pé kó kọ́ òun ní èyí tó ń pe oníbàárà.

Lónìí, ilé ti gba gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbẹ́dá, ògiri sì ti yí kálukú ká. Àwọn ọmọ mi ń gbọ́ Om nínú fóònù, wọ́n ní ó ń jẹ́ kí ara àwọn balẹ̀. Kò burú. Omi ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ, kò sí ọmọ tó ń kúnlẹ̀ nítorí ìgbálẹ̀ mọ́. Àmọ́ láìpẹ́ yìí, wọ́n lé obìnrin ayálégbé kan ní òpópónà wa nítorí ohùn tí wọ́n ń gbọ́ ní yàrá rẹ̀ láàárọ̀. Orí fóònù ni àwọn ará àdúgbò ti jíròrò rẹ̀, mo ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ. Ẹ̀rù tó wà níbẹ̀ ò ju èyí tó wà nílé wa nígbà yẹn lọ. Títí wọ́n fi kó ẹrù obìnrin náà sínú mọ́tò, kò sí ẹnì kankan nínú wa tó bi í ní ohun tó ń sọ.