Àwọn Ọ̀rọ̀ Tí Mo Pè Ní Ọmọ Ilé Kan Náà

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá ẹ̀mí mi sí kí n lè rántí, tó sì dá ti àbúrò mi tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ sí.

Òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n ni mo fi ń rántí àárọ̀ Sátidé náà. Ìkórè ku ọ̀sẹ̀ kan ní ìjọ wa ní Ìtàjí, màmá mi sì ti gbé odindi ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan pamọ́ sí yàrá fún Olúwa. Mo yọ mẹ́rin jẹ. Nígbà tí màmá mi rí èèpo lẹ́yìn àpótí, àbúrò mi Tósìn ló bá nítòsí, òun ló sì nà. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wò wọ́n, n kò sọ nǹkan kan.

Kò pẹ́ sí i ni mo lọ sí kíláàsì àwọn ọmọ tí Bíṣọ́ọ̀bù máa gbé ọwọ́ lé lórí láti fìdí wọn múlẹ̀ nínú ìgbàgbọ́. Màmá Tíṣà, ìyá àgbà tó ń kọ́ wa, kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta sára pátákó, torí Bíṣọ́ọ̀bù fẹ́ràn kó máa fi Gẹ̀ẹ́sì bi ọmọ ní ìbéèrè: "confirm", fìdí múlẹ̀, "confess", jẹ́wọ́, "condemn", dá lẹ́bi. Ó ní kí ẹni tó bá ní ẹ̀ṣẹ̀ lọ́kàn jẹ́wọ́ kí Bíṣọ́ọ̀bù tó dé.

Ibẹ̀ ni orí mi ti dàrú. Nílé wa, Olúwafẹ́mi, Olúwatóbi, èmi Olúwakẹ́mi àti Olúwatósìn ni wá. "Ulé Olú", ìyẹn ilé Olú, ni àwọn aládùúgbò ń pè wá. Lójú mi, àwọn tí orúkọ wọn bá bẹ̀rẹ̀ bákan náà, bàbá kan ló bí wọn. Àwọn "con" mẹ́ta yìí náà, ilé kan ni wọ́n ń gbé. Bí mo bá kan ilẹ̀kùn "confess", "condemn" lè jáde sí mi. Kí wá ni "confirm" ń ṣe láàárín wọn? Mo rò ó títí, kò yé mi. Bí mo bá jẹ́wọ́, wọn á dá mi lẹ́bi. Bí n kò bá jẹ́wọ́, orí olè ni Bíṣọ́ọ̀bù máa gbé ọwọ́ lé.

Nígbà tí àwọn yòókù lọ tán, mo bi Màmá Tíṣà bóyá bàbá kan ló bí ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí wọ́n á fi dá olè tó bá jẹ́wọ́ lẹ́bi. Ó bi mí padà:

"Olú tó ń tún ọ̀kadà ṣe lójú títì ńkọ́? Ṣé bàbá yín ló bí i?"

"Rárá, mà."

"Olú alápatà ńkọ́?"

"Rárá, mà."

"Orúkọ yín ló bẹ̀rẹ̀ bákan náà, ẹ ò bá ara yín tan. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọ̀rọ̀ yẹn. Kí lo jí?"

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìkórè, mà. Tósìn ni wọ́n nà."

Ẹ̀rín tó fẹ́ rín kúrò lójú rẹ̀. "Lọ sọ fún ìyá ẹ. Kí àbúrò ẹ wà níbẹ̀."

Mo sọ ọ́. Màmá mi ní kí n kúnlẹ̀ kí n bẹ Tósìn. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, ó ń jẹ iṣu sísun rẹ̀ lọ. Ó ní, "Mo mọ̀. Òórùn ẹ̀ wà lẹ́nu ẹ nígbà tí wọ́n ń nà mí."

Bíṣọ́ọ̀bù dé, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, kò bi mí ní ọ̀rọ̀ kankan. Lónìí, èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì yẹn, mo sì lè sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìwo ìwé. Ìdí tí Tósìn fi gba ẹgba yẹn láìdárúkọ mi ni n kò tíì mọ̀. Ìbàdàn ló ń gbé báyìí, a sì máa ń bá ara wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà yẹn rí ẹnu bi Màmá Tíṣà. Èmi àgbà yìí kò tíì rí ẹnu bi Tósìn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, kí Ọlọ́run fún yín ní ẹni tí yóò dákẹ́ nítorí yín, kí ó sì fún yín ní ẹnu láti sọ pé ẹ̀yin ni.