Sàráà Lábẹ́ Àwòrán

Nínú agbo ilé wa ní Ìdúmàgbò, Bọ̀dá Mọ̀núrù, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ni mo máa ń yọ lẹ́nu jù. Ayàwòrán ni. Nígbà tó ya àwòrán mi, mo ní, "Bọ̀dá, ṣé imú mi rèé àbí àkàrà?" Ó ní, "Ohun tí mo rí ni mo yà. Lọ bá Ọlọ́run jà."

Àìsàn ti rọ ẹsẹ̀ rẹ̀ láti kékeré. Orí pákó onítáyà ló ń jókòó sí, èmi sì ni dẹ́rẹ́bà rẹ̀.

Lọ́dún 1974, Màmá Clementina, ọmọ Sàró kan tó ń ṣètò ìpàtẹ àwòrán ní Igbosere, gba iṣẹ́ Bọ̀dá kan síbẹ̀: àwọn obìnrin tí òjò ká mọ́ etí ọ̀sà l'Ápọ́ngbọ̀n. Oṣù mẹ́ta ló fi yà á. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́: kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí dúró wò ó dáadáa.

Ọjọ́ Jímọ̀ la débẹ̀. Wọ́n ti kọ ọ́ sórí káàdì abẹ́ àwòrán náà pé: "Iṣẹ́ ọwọ́ arọ kan."

"Ẹ jọ̀ọ́ ma, orúkọ mi ni kẹ́ ẹ kọ."

"Mọ̀núrù, àánú ló máa mú wọn dúró o."

"Ẹsẹ̀ tiyín tó pé ńkọ́ ma, ṣé òun lẹ fi kọ káàdì yìí?"

Díẹ̀ ló kù kí n kú ẹ̀rín. Màmá ò rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó kọ káàdì mìíràn tó ní orúkọ Bọ̀dá.

Nígbà tí wọ́n kírun Jímọ̀ tán, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Alhaji kan wọlé, ó rí Bọ̀dá lábẹ́ àwòrán, ó ju kọ́bọ̀ sí i lẹ́sẹ̀. "Gba sàráà. Ọlọ́run á ṣàánú fún ọ." Kò gbójú sókè rárá. Ẹnì kejì ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnì kẹta mú fìlà tí Bọ̀dá bọ́ sórí itan, ó tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀, kówó lè ríbi bọ́ sí.

Mo fẹ́ fi ṣẹ̀fẹ̀. Mo kàn dá fìlà náà padà sórí itan rẹ̀.

"Tì mí lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn," ni Bọ̀dá wí.

Ibẹ̀ la wà títí dìrọ̀lẹ́, à ń fetí sílẹ̀. Bàtà ń kọjá, kò sẹ́ni tó dúró. Níkẹyìn, ọkùnrin kan dúró. Ó pẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Omi yìí ti dúdú jù. Ta ni Mọ̀núrù? Kò mọ omi í yà."

Mo dìde láti lọ fún un lésì. Bọ̀dá fa ìró mi. "Jókòó, jàre. Jẹ́ kó bú u. Àwòrán ló ń bú." Ó nawọ́ sí ẹnu ilẹ̀kùn. "Yọjú wò ó. Ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?"

Mo yọjú. Ó ti lọ.

Mo ní, "Ó ṣì ń wò ó, Bọ̀dá."