Bàbá Kan Ṣoṣo Ló Mọ Ibi Tí A Ti Ń Ti Omi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí omi fojú mi rí lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà tí mo padà wálé.

Ìlú wa ò jìnnà sí Aramọkọ. A ní omi ẹ̀rọ tí àwa ará ìlú dá sílẹ̀ fúnra wa, èmi ni wọ́n sì fi ṣe akọ̀wé ìgbìmọ̀ rẹ̀. Akọ̀wé o! Ta ló gbàdúrà, ta ló pẹ́ dé ìpàdé, ìyẹn ni mò ń kọ. Ibi tí páìpù gbà nínú ilẹ̀ ńkọ́? Kò sí nínú ìwé kankan. Orí Bàbá Fálànà ló wà. Bàbá yìí ni púlọ́ńbà tó ri gbogbo páìpù náà. Bí nǹkan bá ti bàjẹ́, a ó ní kí wọ́n pe Bàbá, ó ti tán.

Nígbà tí ẹsẹ̀ ń dun Bàbá, ọmọ rẹ̀ obìnrin wá mú un lọ sọ́dọ̀ ní Ẹ̀fọ̀n. A gbàdúrà fún un, a fún un níṣu, a juwọ́ sí i. Kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan.

Ó di àárọ̀ Sátidé kan, páìpù bẹ́ lẹ́bàá ilé ìdáná Màmá Dúpẹ́. Omi ń tú jáde bí odò! Ó ń gbẹ́ ìdí ògiri, ògiri alámọ̀ sì ni. Màmá ń kó ìkòkò jáde, ó ń ké pe Jésù.

Fáàfù kan wà ládùúgbò náà, irin tí a lè yí láti ti omi ibẹ̀ nìkan. Ṣùgbọ́n níbo ló wà? A gbẹ́ ibí, a gbẹ́ ọ̀hún. Mo pe Bàbá lórí fóònù. Ó ní ìdí igi ọsàn ni. Igi ọsàn wo? Wọ́n ti gé e kí n tó padà wálé! Ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, ká ka ẹsẹ̀ méje láti ẹnu ọ̀nà ilé kátẹkíìsì. Wọ́n ti wó ilé yẹn náà, wọ́n ti kọ́ òmíràn, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì ti kọjú síbòmíràn.

A bá lọ ti omi láti ìdí táńkì. Ògiri Màmá kò wó, àmọ́ omi dá ní gbogbo ìlú, títí kan ilé ìwòsàn, níbi tí obìnrin méjì ti bímọ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Nọ́ọ̀sì gbé kẹ́ẹ̀gì wá bá mi nílé. Kò bínú o. Ó kàn ń bi mí pé ṣé akọ̀wé kì í kọ irú nǹkan báyìí sílẹ̀ ni. 

Mo wọ mọ́tò lọ sí Ẹ̀fọ̀n, mo mú Bàbá wá. Ó fi ọ̀pá ti ara, ó wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀, ó ní ká gbẹ́ ibì kan. Kò sí níbẹ̀! Ó rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, ó fi ọ̀pá kan ilẹ̀, ó ní, "Níbí." Ṣọ́bìrì ò tí ì wọlẹ̀ jìnnà tó fi kan irin!

Mo ní, "Bàbá, kí ló dé tẹ́ ò sọ fún wa kẹ́ ẹ tó lọ?"

Ó wò mí. "Tíṣà, ta ló bi mí? Oṣù mẹ́ta ni mo fi jókòó ní ulé mi kí n tó lọ. Ẹ ń wá kí mi. Ẹsẹ̀ mi lẹ ń bèèrè."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára.

Ọjọ́ mẹ́rin ni Bàbá fi sùn sílé mi. Ọ̀kadà ń gbé e lọ jẹ́jẹ́, èmi ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìwé àti téèpù. Fáàfù mọ́kànlá! A wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ibi tí kò ní tètè kúrò, bí igun ṣọ́ọ̀ṣì tàbí afárá. Mo ya àwòrán gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Ẹ̀dà kan wà nílé ìwòsàn, òmíràn wà lọ́dọ̀ alága, gbogbo ìgbìmọ̀ ló sì ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù. Àmọ́ Bàbá ní ìwé nìkan ò tó, nítorí ọ̀kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé òdì ni wọ́n ń yí i. Ló bá pe Fúnmi aránṣọ àti bíríkìlà kan, ó ní kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn yí i wò. Ẹ bá rí bí inú rẹ̀ ṣe ń dùn!

Lóṣù tó kọjá, páìpù tún bẹ́ nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ ọmọ mi ní Adó. Fúnmi ti lọ tì í kí omi tó dé ọ̀nà. Ìgbà tí mo délé ni mo gbọ́. Wọn ò tilẹ̀ pè mí!

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ká bi ẹni tó mọ iṣẹ́ nígbà tó ṣì wà nítòsí, ká má sì jẹ́ kó dá mọ̀ ọ́n. Níbi iṣẹ́ yín ńkọ́, tàbí nínú ẹgbẹ́ yín? Ta lẹ máa ń sọ pé kí wọ́n ṣáà pè? Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mò ń kà á.