Ọdún Mẹ́ta tí Bàbá Insaf Fi Kún Ọjọ́ Orí Rẹ̀

Ọmú kan náà ni Insaf àti Rawiya mu. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n bí wọn, ní ọdún kejì lẹ́yìn ogun tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin abúlé wọn kò ti aṣálẹ̀ Sinai bọ̀. Nígbà tí ọmú ìyá Rawiya gbẹ, ìyá Insaf ló fún àwọn méjèèjì lọ́mú, wọ́n sì di ọmọ ìyá. Wọ́n jọ di ìtí ọ̀gbọ̀ lóko, wọ́n sì jọ gba abẹ́rẹ́ àtọ̀sí ajá nílé ìwé, abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo fún gbogbo kíláàsì. Níbẹ̀ ni àrùn mẹ́dọ̀wú ti wọ ara wọn.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni Insaf nígbà tí àgbẹ̀ kan wá tọrọ rẹ̀. Òfin ní kó tó mẹ́rìndínlógún. Bàbá rẹ̀ ní ìwé ìbí rẹ̀ ti sọnù, ó gbé pẹ́pẹ́yẹ méjì dání, ó mú un lọ bá dókítà tó ń fojú díwọ̀n ọjọ́ orí. Dókítà wo eyín ọmọ náà, ó wo pẹ́pẹ́yẹ, ó kọ mẹ́rìndínlógún. Insaf kò sọ ọ́ fún ọmọ tó bí rí.

Nígbà tí àwọn méjèèjì ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún, oògùn mẹ́dọ̀wú tuntun dé ilé ìwòsàn ìlú Tanta, ṣùgbọ́n kò kárí. Àwọn tí àpá ti pọ̀ lẹ́dọ̀ wọn ni yóò kọ́kọ́ gbà á. Dókítà Shirin kì í gún ẹ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni láti mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ apá ló ń gbà. Á ka nǹkan mẹ́ta nínú rẹ̀, á fi ọjọ́ orí tó wà lórí káàdì ìdánimọ̀ ṣírò mọ́ ọn, nọ́ńbà kan á jáde. Ẹni tí tirẹ̀ bá kọjá mẹ́ta àti ìdá kan nínú mẹ́rin ni oògùn kàn.

Rawiya ló kọ́kọ́ wọlé. Tirẹ̀ kò dé ìlà, wọ́n ní kó ṣì dúró ná. Insaf tẹ̀lé e. Tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́ta àtààbọ̀.

"Ọjọ́ orí yín ló tì í kọjá ìlà, ìyá," ni dókítà wí. "Ẹ lọ dúró de oògùn yín níta."

Rawiya sún fún un lórí bẹ́ǹṣì. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra jókòó o, kí eegun yín má ṣẹ́."

"Rawiya, jọ̀ọ́."

"Kí ni mo sọ? Bàbá tèmi ò ní pẹ́pẹ́yẹ ni." Ó rẹ́rìn-ín. "Gba oògùn rẹ jàre. Ẹnu mi kọ́ ni wọ́n máa ti gbọ́ ọ."

Ìyẹn ni Insaf kò lè gbé mì. Ó dìde, ó padà wọlé. Èrò ti kún yàrá.

"Dókítà, ọjọ́ orí yẹn…"

"Ẹ sọ̀rọ̀ sókè, ìyá. Ariwo pọ̀."

Insaf gbóhùn sókè. Bàbá rẹ̀ wà nínú sàréè, kò lè gbèjà ara rẹ̀. "Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà tí wọ́n mú mi lọ sílé ọkọ. Wọ́n fi ọdún mẹ́ta kún un. Rawiya tó jáde ṣáájú mi lè jẹ́rìí. Ọmú kan la jọ mu."

Ọkùnrin kan bú sẹ́rìn-ín: "Àwọn obìnrin yòókù ń dín tiwọn kù, tìyá yìí ló ń lé sí i!"

Dókítà Shirin kò rẹ́rìn-ín. Ó tún un ṣírò, ó gbójú sókè. "Ẹ ti bọ́ sábẹ́ ìlà. Ẹ padà wá lóṣù mẹ́fà." Ó fi kálàmù pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú ìwé àwọn tó máa gba oògùn.

Rawiya ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Òmùgọ̀! Ta ló rán ọ? Èmi ò rí oògùn gbà, ìwọ náà ò rí i gbà. Ṣé ara wá tù ọ́ báyìí?"

"Rárá," ni Insaf wí, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. Kó tó di alẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ á ti gbọ́.

Nígbà tí wọ́n dé ìdíkọ̀, ọkùnrin tó rẹ́rìn-ín yẹn ti jókòó sínú ọkọ̀ abúlé wọn. Insaf fa ìborí rẹ̀ bojú, ó ní kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn dé ìdíkọ̀ kejì. Rawiya bú u dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ó bá a rìn.