Ìwé Ẹ̀rọ Tí Mo Gbé Sórí Àjà Ìdáná

Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè ná: ṣé ẹ ti fi èéfín gbẹ ìwé rí, bí ẹni ń gbẹ ẹja? Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ ẹnì kan tó ṣe é, ní Ìlá níbí, òun náà ló sì ń kọ èyí tí ẹ ń kà lọ́wọ́.

Nígbà yẹn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé girama ni. Ṣẹ̀ṣẹ̀ tí mo wí yẹn, ó ti tó ọdún méjì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ṣe ìdánwò ìwọlé yunifásítì, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni ìdánwò náà sì ṣe mí. Bí wọ́n bá ní kí àwọn tó níṣẹ́ lọ́wọ́ dìde fún àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ńṣe ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀ bíi pé nǹkan jábọ́ lọ́wọ́ mi. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà mi ni mò ń gbé. Iṣẹ́ mi kò ju kí n pọnmi, kí n jẹun, kí n sì máa sọ fáwọn èèyàn pé mò ń retí èsì.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin ló gbà mí sílẹ̀. Bàbá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti wà ní Àpápá, tí wọ́n ń tún ẹ̀rọ eré ṣe, irú èyí tí èèyàn máa ń ju owó ẹyọ sí lẹ́nu kó tó tanná, kó tó gbà kéèyàn ṣeré. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, tí wọ́n padà wálé, ẹ̀rọ kan àti páálí ìwé mẹ́ta ni wọ́n kó dé.

Ẹ̀rọ náà dà bíi tábìlì onígíláàsì. Bọ́ọ̀lù irin kékeré kan ló ń sáré kiri nínú rẹ̀, èèyàn á sì máa tẹ bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì kó má baà já sínú ihò. Kọ́bọ̀ mẹ́wàá àtijọ́ ló ń jẹ, àmọ́ ta ló tún ń rí kọ́bọ̀ mẹ́wàá? Bàbá wá máa ń fi fáìlì ha wáṣà irin, òrùka pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi sídìí nọ́ọ̀tì, títí tó fi tó ìwọ̀n kọ́bọ̀, wáṣà yẹn sì ni àwọn ọmọ iléèwé fi ń ṣeré ní pálọ̀ wọn.

Àwọn ìwé inú páálí kì í ṣe ìwé ìtàn. Ìwé ìròyìn òyìnbó ni, tí wọ́n ń tẹ̀ fún àwọn tó ń ta irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ àti àwọn tó ń tún un ṣe. Ìpolówó ẹ̀rọ tuntun ló kún inú wọn, àti àwòrán wáyà, àti fọ́tò àwọn ọkùnrin onítáì tí wọ́n dúró ti ẹ̀rọ bíi pé àwọn ló bí i.

Ní ìparí òjò ọdún tí mò ń sọ yìí, ẹ̀rọ Bàbá kú. Iná rẹ̀ ò tàn mọ́. Bàbá tú u, wọ́n dì í, wọ́n tún tú u. Wọ́n ní wáyà inú rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí orí àwọn lè rántí lọ, pé àwòrán rẹ̀ wà nínú ọ̀kan nínú àwọn ìwé yẹn, èyí tí èèpo rẹ̀ jẹ́ yẹ́lò.

Ìyàwó wọn, tí mò ń pè ní Màmá, ti ń fojú wọn pálọ̀ náà fún fìríìsà kan tí wọ́n fẹ́ fi máa ta omi tútù.

"Mo fara da ẹ̀rọ yìí nígbà tó ń sọ̀rọ̀," Màmá wí. "Mi ò ní bá òkú gbé. Bí kò bá jí kí Kérésìmesì tó dé, àwọn tó ń ra irin àlòkù á wá gbé e."

Bàbá dìde lọ fa páálí jáde. Ọkùnrin tó bá ti gbéyàwó pẹ́ mọ ìgbà tí ẹjọ́ ti parí.

A ṣí páálí. Ikán ti sọ ìdajì ìwé inú àkọ́kọ́ di yẹ̀pẹ̀. Òjò ti jò sí ìkejì, níbi tí Bàbá ní ìwé yẹ́lò yẹn wà; ìkẹta nìkan ló yè. Bàbá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n gbé ọ̀kan tí ikán ti jẹ sórí itan.

"Wọn ò ṣe àwọn ẹ̀rọ yìí mọ́," wọ́n ní. "Àwọn tó mọ̀ ọ́n tún ṣe ń kú lọ. Bí ìwé wọn bá tún lọ, a jẹ́ pé a kàn lálàá ni."

Lásìkò yẹn gan-an, ọ̀dọ́kùnrin kan tí òun àti Bàbá jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ilé kọ̀ǹpútà sí ọ̀nà kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó ní ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń pè ní sìkánà: wàá da ojú ìwé dé gíláàsì rẹ̀, iná á rìn gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ojú ìwé náà á sì yọ nínú kọ̀ǹpútà. Bàbá ní gbogbo ojú ìwé la máa kó wọlé, kì í ṣe àwòrán wáyà nìkan. Ọ̀gá gbà, ó ṣáà ní ká má gbé ìwé tútù sórí gíláàsì òun.

"Ta ló máa jókòó ṣe é, sà?" ló bi Bàbá.

Bàbá nawọ́ sí mi.

Ọ̀gá wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Kò sẹ́lòmíì?"

"Àwọn tó kù níṣẹ́," Bàbá wí.

Wọ́n fa páálí tútù lé mi lọ́wọ́ pé kí n bá àwọn gbẹ ẹ́. "Má sá a sóòrùn o. Oòrùn á ká a kò, á sì ṣá lójú."

"Mo ti gbọ́, sà."

Mo gbọ́ lóòótọ́. Ohun tí wọn ò sọ ni pé kí n má dá ọgbọ́n.

Ní ilé ìdáná ìyá àgbà, àjà kan wà lókè ààrò, èéfín ti kùn ún dúdú. Ibẹ̀ là ń gbé àgbàdo tá a fẹ́ gbìn sí. Kòkòrò kì í débẹ̀, ọ̀rinrin kì í kàn án. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, ohunkóhun tí o bá fẹ́ kó di ọdún tó ń bọ̀, àjà lò ń gbé e sí. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ìyá àgbà. Ìgbómìnà pọ́ńbélé ni wọ́n fi dá mi lóhùn, àmọ́ ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Ṣé o fẹ́ gbin ìwé ni?"

"Ìwé Bàbá ni, mà. Ó tutù."

"Bó bá lè fara da èéfín mi, gbé e sókè."

Mo to méjìlá sórí àjà. Inú mi dùn débi pé mo ń fi ara mi wé àwọn tó ń ṣe ìwádìí ní yunifásítì, àwọn kan náà tí wọn ò gbà mí wọlé. Ohun tí n kò fi sínú ìwádìí mi ni pé lọ́jọ́ kejì, àbúrò ìyá àgbà gbé ọ̀yà méjì dé láti oko. Orí ààrò kan náà ni ìyá àgbà ti gbẹ wọ́n, pẹ̀lú igi tútù. Odindi ọjọ́ mẹ́rin ni ìwé Bàbá fi gba èéfín ọ̀yà.

Nígbà tí mo gbé wọn kalẹ̀, wọ́n ti gbẹ. Wọ́n gbẹ bíi pánla.

Bàbá gbé ọ̀kan símú. Wọ́n gbé e kúrò. Wọ́n tún gbé e padà.

"Kí lo fi sè é?"

"Mi ò sè é, sà. Mo gbẹ ẹ́ ni."

"Ó dáa. Èwo nínú wọn ni yẹ́lò?"

Mo wo ilẹ̀. Èyí tó funfun tẹ́lẹ̀ ti di yẹ́lò. Èyí tó jẹ́ búlúù ti di àwọ̀ kan tí kò lórúkọ. Ìwé méjìlá ló wà níwájú wa, kò sì séyìí tí o máa rí tí o ò ní sọ pé òun ni.

Màmá yọjú láti yàrá. "Ẹran lẹ̀ ń jẹ tí ẹ ò pè mí?"

Èyí tó tún wá burú ni pé ooru ti lẹ àwọn ojú ìwé tó ń dán mọ́ra. Kérésìmesì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ojoojúmọ́ ni mò ń jókòó ní ilé kọ̀ǹpútà, tí mò ń fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan la ojú ìwé kúrò lára èkejì. Ológbò ilé kejì wá ń jókòó tì mí.

"Látọjọ́ tí mo ti ṣí ibí," Ọ̀gá wí, "ológbò ò wá kọ́ kọ̀ǹpútà rí. O ṣeun o."

Kí ojú ìwé kan tó wọlé tán, èèyàn á ti jẹ gúgúrú ọ̀rá kan tán. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ṣe ogún ojú ìwé, iná sì lọ. Kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn.

"Ṣé o tọ́jú wọn sórí dísíkì?" Ọ̀gá bi mí.

"Mo rò pé òun fúnra rẹ̀ máa ń rántí ni."

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé ìwọ máa ń rántí?"

Mo tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Bàbá náà ń wá lọ́sàn-án, wọ́n á jókòó lẹ́yìn mi, wọ́n á máa sọ ìtàn ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tó bá yọ lójú kọ̀ǹpútà: eléyìí máa ń gbé owó mì láìṣiṣẹ́, tọ̀hún ni atukọ̀ ojú omi kan fìbínú ta nípàá ní Àpápá. Mi ò lè sọ pé mo kánjú nígbà náà.

Inú ìwé kẹsàn-án la ti rí àwòrán wáyà. Kérésìmesì ku ọjọ́ mẹ́rin. Mo rọra ki ẹyọ ìgbálẹ̀ bọ̀ ọ́, ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu títí dé àárín. Bó ṣe kù díẹ̀, yíǹkì ìdajì àwòrán náà ṣí kúrò lára bébà, ó bá ojú ìwé kejì lọ. Funfun báláú ló kù níbi tó wà.

Bàbá yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n nù ún.

"Kò burú," wọ́n ní. "Fìríìsà náà wúlò."

Ìbá sàn kí wọ́n gbá mi létí.

Ọ̀gá Kọ̀ǹpútà ló ní kí n dúró, kí n da ojú ìwé kejì náà dé gíláàsì. Mo dà á dé e. Ìlà wáyà tó lẹ̀ mọ́ ọn yọ lójú kọ̀ǹpútà, àmọ́ òdì ni, bí ohun téèyàn rí nínú dígí, gbogbo lẹ́tà rẹ̀ ń sá sẹ́yìn. Ọ̀gá tẹ nǹkan kan. Àwòrán náà yíjú padà, lẹ́tà rẹ̀ tò. Ó fà á lọ síbi tó funfun yẹn, ó sún un díẹ̀díẹ̀, títí wáyà fi bá wáyà pàdé.

Bàbá dìde. Imú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan kọ̀ǹpútà, wọ́n ń fi ìka tọ ọ̀nà wáyà. "Pupa. Pupa. Ó yà síbí. Dúdú." Wọ́n fi ìka tẹ ibì kan. "Ibi tí mo ti ń ṣìnà rèé."

A tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Bàbá tẹ́ bébà náà sórí àga, èmi mú tọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì fi irin gbígbóná lẹ wáyà méjì padà sáyè wọn. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú okùn tí wọ́n fi ń wọn àyè fìríìsà. Bàbá ju wáṣà kan sí i lẹ́nu. Ẹ̀rọ náà tanná láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, agogo inú rẹ̀ dún lẹ́ẹ̀mẹta. Bàbá ń fọwọ́ pa á lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ.

Màmá ká okùn wọn. "Sún kúrò níbẹ̀," wọ́n sọ fún mi. Wọ́n ṣeré títí wáṣà mẹ́fà fi tán, wọ́n wá ní fìríìsà lè dúró lẹ́yìnkùlé.

Látìgbà náà, a ò dáwọ́ dúró. A ti kó páálí kejì tán, a ti wọ ìkẹta. Ọkùnrin kan ní Ọ̀tan Ayégbajú gbọ́, ó ránṣẹ́ pé òun ní irú ẹ̀rọ kan nílé ọtí òun, pé ọdún kẹrin rèé tó ti kú, ṣé ìwé tirẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa? Ó wà. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí mo ṣe rí i fún yín, torí pé ọgbọ́n orí mi ni mo lò, ó sì yẹ kí ẹ gbọ́ ọ, àmọ́ Bàbá ti wà níta, wọ́n ń lu ara tasín tó fẹ́ gbé wa lọ sí Ọ̀tan.

"Ìwọ, èrò ti kún o. Ṣé kí àwọn èèyàn dúró kí o kọ̀wé tán ni?"

"Mò ń bọ̀, sà. Ó ku díẹ̀."

"Mú bébà tá a tẹ̀, kí o jáde."

Bàbá ti jókòó sínú ọkọ̀. Wọ́n ti ń wò mí láti ojú fèrèsé. Mo ń lọ.